Ta Ni Yóò Ru Àdánù Aṣọ Tí Kò Bá Wa Mu?

Ẹ̀yin ará Bouaké tí ẹ wà ní Belleville, ní Koko, ní Dar-es-Salam, ní Sokoura àti ní Air France, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ṣì jókòó ti ọjà, ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ń gba atẹ́gùn níta, ẹ̀yin àbúrò mi tí fóònù wà lọ́wọ́ yín báyìí, gbogbo yín ni ọ̀rọ̀ òní kàn. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni: aṣọ, bàtà àti báàgì tí à ń fi fóònù rà lọ́wọ́ ẹni tí a kò rí rí, ní ìlú tí a kò dé rí.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń ṣe é. Ọmọbìnrin kan á gbé fọ́tò gáùn sórí WhatsApp, á kọ iye owó sí i, á ní kòmáǹdì ń lọ lọ́jọ́ Sátidé. Èyí á fi owó ránṣẹ́ lórí Wave, ìyẹn á fi tirẹ̀ ránṣẹ́ lórí Orange Money. Ọmọbìnrin náà á kó gbogbo rẹ̀ jọ, á rà á lórí Shein, tàbí lórí Temu, tàbí lórí AliExpress. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹrù á dé Abidjan, á wọ bọ́ọ̀sì UTB tàbí ti ilé iṣẹ́ mìíràn, á sì dé Bouaké níbí. Bí aṣọ bá bá yín mu, ayọ̀ ni. Bí kò bá bá yín mu ńkọ́? Bí ó bá kéré, bí ó bá ti ya, bí kò bá jọ èyí tí ẹ rí lójú fóònù, bí kò bá tilẹ̀ dé rárá, ta ni yóò ru àdánù rẹ̀?

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nírọ̀lẹ́ yìí. Lójú tèmi, kò yẹ kí sẹ́fà kan kúrò lọ́wọ́ yín kí ẹ tó mọ ìdáhùn rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ríra aṣọ láti ọ̀nà jínjìn ṣàjèjì sí wa. Anango ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire yìí, òwò ni wọ́n sì fi mọ̀ wá. Ojú irin láti Abidjan dé Bouaké ní 1912, òwò sì gba ojú irin náà gòkè wá. Àwọn èèyàn wa wá láti Èjìgbò, láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìnísà, láti Ọ̀fà àti Ìlọrin. Nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn àjèjì kúrò ní Ghana ní ìparí 1969, àwọn kan nínú àwọn tó pàdánù ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́hùn-ún kọrí sí ìhà ibí. Títí di òní, ẹ lè ná sẹ́fà nínú ọjà Èjìgbò, ẹ ó sì gbọ́ Faransé níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló kọ́ wa ní rírajà kọjá òkun, kò mọ ìtàn wa.

Kí fóònù tó dé, ìwé kátálọ́ọ̀gì ti wà. Ní Èkó àti Ìbàdàn láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, àwọn akọ̀wé àti àwọn tíṣà a máa kọ̀wé sí àwọn ilé ìtajà ní Manchester, wọ́n á fi owó sínú rẹ̀, wọ́n á sì máa retí ṣẹ́ẹ̀tì àti bàtà tí ọkọ̀ ojú omi yóò gbé wá. Ní ọ̀dọ̀ àwọn Faransé, La Redoute ti ìlú Roubaix tẹ kátálọ́ọ̀gì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1928. Léèsì tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe fáàrí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti àwọn ọdún 1960 wá láti Lustenau, ìlú kékeré kan ní Austria. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú òwò léèsì yẹn dúró. Àwọn obìnrin oníṣòwò láti Nàìjíríà wọ bàálù lọ sí Lustenau fúnra wọn, wọ́n fi ọwọ́ kan aṣọ, wọ́n sọ àwọ̀ tí àwọn fẹ́ àti iṣẹ́ ọnà tí àwọn kò fẹ́. Nígbà tí ó bá dé ilé, orúkọ ìyá yẹn ló wà lórí ọjà náà. Bí léèsì náà bá ṣí àwọ̀ nígbà àkọ́fọ̀, ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ mọ ọkọ rẹ̀, ẹ ó sì jọ pàdé níbi ìkómọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i. Bóyá kò ní í dá gbogbo owó padà, ṣùgbọ́n á fi nǹkan lé e, tàbí kí ó dín owó èyí tí ẹ máa rà tẹ̀lé e.

Ìyá aláṣọ ni àdánù wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà náà, tàbí ó kéré tán, ó ń bá yín gbé e. Lórí fóònù, àdánù náà ti kúrò lọ́rùn ẹni tó ń tà, ó ti bọ́ sọ́rùn ẹni tó ń rà, kò sì sẹ́ni tó pe ìpàdé sọ fún wa pé ó ti yí padà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti owó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Iye tí ẹ rí lójú fóònù kì í ṣe iye tí aṣọ náà yóò jẹ́ nígbà tó bá dé Belleville. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan pọ̀. Ká ní ẹrù yín jẹ́ 50,000 sẹ́fà lọ́hùn-ún, tí owó ọkọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 15,000. Àwọn aṣọ́bodè kò ní í wo 50,000 nìkan, wọn yóò ro owó ọkọ̀ mọ́ ọn, ó di 65,000. Láti 2015 tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti so owó bodè wọn pọ̀, aṣọ tí a ti rán wà lára ọjà tí wọ́n ń gba ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé lórí. Ìyẹn jẹ́ 13,000, ó ti di 78,000. Lẹ́yìn náà ni owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní TVA, tó jẹ́ ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ní Côte d'Ivoire. Orí 78,000 ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe orí 50,000. Òun náà jẹ́ 14,040. Ẹrù tí ẹ rò pé 50,000 ni ti di 92,040, a kò sì tíì ka àwọn owó kéékèèké tí UEMOA àti ECOWAS ń gbà, a kò tíì ka owó bọ́ọ̀sì láti Abidjan, a kò tíì ka èrè ẹni tó bá yín rà á.

Àwọn tó ń ṣe groupage, ìyẹn àwọn tó ń kó ẹrù ọ̀pọ̀ èèyàn jọ sínú kọ̀ntẹ́nà kan, sábà máa ń da owó bodè pọ̀ mọ́ iye tí wọ́n ń gbà lórí kílò tàbí lórí ìwọ̀n àyè tí ẹrù gbà. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó sanwó: ṣé owó bodè wà nínú rẹ̀, àbí wọ́n máa tún padà wá béèrè rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kílò náà ní àlàyé. Ẹrù tó bá wọ bàálù, kì í ṣe òṣùwọ̀n nìkan ni wọ́n fi ń gba owó rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yára gbé ẹrù máa ń wọn gígùn, ìbú àti gíga páálí náà ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á sọ wọ́n di púpọ̀, wọ́n á fi 5,000 pín in. Páálí tó gùn ní 40, tó fẹ̀ ní 30, tó ga ní 25, yóò fún yín ní kílò mẹ́fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàtà ẹsẹ̀ méjì tí kò tó kílò méjì ló wà nínú rẹ̀. Atẹ́gùn lẹ sanwó rẹ̀ yẹn. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ ní kí wọ́n yọ bàtà kúrò nínú páálí rẹ̀ lọ́hùn-ún, kí wọ́n ká aṣọ pọ̀ dáadáa, kí wọ́n fún atẹ́gùn inú ọ̀rá jáde.

Wàyí o, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń gba kòmáǹdì jọ, ẹ sún mọ́ rédíò, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín. Ọ̀pọ̀ ilé wa ní Belleville kò ní àdírẹ́sì tí ará Ṣáínà lè kọ sára àpò. Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ni à ń wí, ẹ̀yìn ilé ìwé, iwájú ilé ẹni tó ń ta ẹja yíyan. Ọ̀pọ̀ ìyá wa kò ní káàdì báǹkì. Ẹ̀yin lẹ di àdírẹ́sì wọn, ẹ̀yin lẹ di káàdì wọn. Oníṣòwò ni yín, kì í ṣe ẹni tó kàn ń ran èèyàn lọ́wọ́. Ẹni tó sì ń ṣòwò gbọ́dọ̀ ṣe é bí òwò.

Ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí ewu tó ga jù lọ wà hàn yín. Ojú òpó bíi AliExpress kì í fi owó yín lé ẹni tó ń tà lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n máa ń mú un dání títí ọjà yóò fi dé, wọ́n á sì tún fún yín ní àwọn ọjọ́ kan tí ẹ lè fi wí pé ohun tí a rán sí mi kọ́ ni mo béèrè. Ètò tó dára ni. Ó fi díẹ̀ jọ ti ìyá aláṣọ ayé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: níbo ni ojú òpó náà mọ̀ pé ẹrù yín dé? Ẹ̀yin kò fún wọn ní àdírẹ́sì Bouaké. Àdírẹ́sì ilé ìkẹ́rùsí ẹni tó ń ṣe groupage ní Guangzhou, ní ilẹ̀ Ṣáínà, lẹ fún wọn. Ọjọ́ tí àpò náà bá kan ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí yẹn, ojú òpó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti dé ọwọ́ oníbàárà, ọjọ́ ìráhùn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Nígbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúró kí kọ̀ntẹ́nà kún. Ọkọ̀ ojú omi lè lo oṣù kan àtààbọ̀ sí oṣù méjì kí ẹrù tó jáde ní èbúté Abidjan, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ìyá oníbàárà bá tú ọ̀rá náà ní Belleville, tó rí i pé aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi ránṣẹ́ dípò pupa, ẹjọ́ ti kú. Ẹni tó ń tà ti gba owó rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni purọ́. Ètò náà ni kò mọ̀ pé ibì kan ń jẹ́ Bouaké.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ wá ẹni tó ń ṣe groupage tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Guangzhou yóò tú àpò tí ó bá dé, tí wọn yóò ya fọ́tò ohun tó wà nínú rẹ̀, tí wọn yóò sì fi téèpù wọ̀n ọ́n. Àwọn kan ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan ń gba owó díẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ san án. Ẹ fi fọ́tò náà wé ohun tí ẹ béèrè lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá yàtọ̀, ẹ ráhùn lórí ojú òpó nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀, tí ọjà sì ṣì wà ní ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n lè dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń tà fi ọ̀rọ̀ dídùn fà yín kúrò lórí ojú òpó pé kí ẹ wá san án lọ́wọ́ òun tààrà kí òun lè dín in fún yín. Ẹ̀dínwó yẹn ni owó ààbò yín.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ àdánù pẹ̀lú oníbàárà kí owó tó wọlé. Ìmọ̀ràn mi rèé. Bí oníbàárà bá wọn ara rẹ̀, tó fi ìwọ̀n tí kò tọ̀nà ránṣẹ́, òun ni yóò ru àdánù. Bí ẹ̀yin bá tẹ nọ́ńbà mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí ó fún yín, ẹ̀yin ni. Bí ẹni tó ń tà bá fi ohun tí kò tọ́ ránṣẹ́, ẹ̀yin lẹ ni àkáǹtì orí fóònù, ẹ̀yin nìkan lẹ lè ráhùn, nítorí náà iṣẹ́ yín ni láti gba owó náà padà. Bí ẹ bá jẹ́ kí ọjọ́ kọjá, ẹ̀yin lẹ jẹ gbèsè. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ ńkọ́? Ẹ má ṣe ṣèlérí ọjọ́ tí kò sí lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ ìgbà tó pẹ́ jù tó lè dé, kí ẹni tó fẹ́ fi ṣe Iléyá tàbí Kérésìmesì lè mọ̀ bóyá yóò dé kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú ìwé kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà, kí òun náà dáhùn pé òun gbà. Òfin Côte d'Ivoire lórí òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ṣe ní oṣù Keje 2013, ti sọ ọ́ pé ẹni tó ń tajà gbọ́dọ̀ fi irú ẹni tó jẹ́ àti ibi tí a ti lè rí i hàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oníbàárà máa wá yín kiri.

Ẹ̀yin ìyá mi tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́, ìpín tiyín náà wà níbẹ̀. Ẹ wọn ara yín. Ẹ má sọ pé "L ni mò ń wọ̀." L ti ibì kan jẹ́ M níbòmíràn. Nọ́ńbà 40 ti Faransé ni àwọn ará Britain ń pè ní 12, òun náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní 8. Ẹ gbé téèpù lọ sọ́dọ̀ télọ̀ yín, kí ó wọn àyà, ìbàdí àti ìdí yín ní sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ tọ́jú ìwé náà. Ìsàlẹ̀ fọ́tò ọjà ni àtẹ ìwọ̀n máa ń wà, òun ni kí ẹ gbàgbọ́, kì í ṣe lẹ́tà tó wà lọ́rùn aṣọ. Bí ara yín bá bọ́ sí àárín nọ́ńbà méjì, ẹ mú èyí tó tóbi. Télọ̀ lè gba aṣọ wọlé, ṣùgbọ́n aṣọ olówó pọ́ọ́kú kì í fi etí sílẹ̀ nínú ojú rírán rẹ̀, kò sì sí ohun tí télọ̀ yóò tú sílẹ̀ bó bá há. Bàtà ńkọ́? Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọn ẹsẹ̀ yín, nígbà tó bá ti wú díẹ̀.

Kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n fi hun ún. Bí ẹ bá rí polyester 95 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ mọ̀ pé ọ̀rá ni ẹ fẹ́ wọ̀ nínú ooru oṣù Kẹta Bouaké. Fún òde alẹ́ kan, ó ṣeé fara dà. Fún ọmọ tí yóò wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kò dára. Nípa ti ọmọ, mo fẹ́ sọ ọ́ gbangba. Ní 2022, Greenpeace ní Jámánì yẹ ọjà Shein 47 wò, wọ́n sì rí méje tí kẹ́míkà olóró inú rẹ̀ kọjá ohun tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù gbà láàyè. Ní 2024, ìjọba ìlú Seoul ní Korea yẹ bàtà ọmọdé tí wọ́n rà lórí Shein wò, wọ́n rí ọ̀kan tí irú kẹ́míkà kan inú rẹ̀ fi ìlọ́po 428 ju òṣùwọ̀n òfin lọ. Ilẹ̀ tiwọn ní ilé àyẹ̀wò. Ọmọ tiwa a máa ki bàtà bọ ẹnu. Èmi kò ní í ra bàtà ọmọ ọwọ́ lójú òpó wọ̀nyí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má rà á.

Nípa ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fi pupa kọ, pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù, pé iye rẹ̀ ti já wálẹ̀ sí ìdajì: ní oṣù Keje 2025, ìjọba Faransé bu owó ìtanràn 40 mílíọ̀nù Euro lé Shein lórí ẹ̀dínwó tí kì í ṣe òtítọ́. Nínú àwọn ẹ̀dínwó tí wọ́n yẹ̀ wò, 57 nínú ọgọ́rùn-ún kò dín ohunkóhun kù, 11 nínú ọgọ́rùn-ún tilẹ̀ fi owó kún un ni. Ilé iṣẹ́ náà gbà láti san owó ìtanràn ọ̀hún, ó ní òun ti ṣàtúnṣe. Ẹ wá wò ó: bí wọ́n bá lè ṣe é fún àwọn ará Paris tí òfin ń ṣọ́, ẹ má ṣe sáré nítorí aago tó ń kà lójú fóònù. Ẹ fi ọjà náà sínú agbọ̀n, ẹ lọ sùn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ó rí i pé aago náà ti tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Fọ́tò ọjà ńkọ́? Ẹ rántí oṣù Kejì 2024, nígbà tí Super Eagles ti Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú South Africa ní pápá ìṣeré Bouaké wa yìí, tí a fi pẹnárítì na wọ́n, tí ìlú sì di aláwọ̀ ewé. Kì í ṣe gbogbo jẹ́sì tí mo rí lójú pópó lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló ti ọ̀dọ̀ Nike wá. Kò sí èébú níbẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ pé aláfarawé ni òun rà, tó sì san owó aláfarawé. Ẹni tó dùn mí ni ẹni tí wọ́n fi fọ́tò èyí tó jẹ́ ojúlówó hàn, tó san owó ojúlówó, tí wọ́n wá fi aláfarawé ránṣẹ́ sí. Nítorí náà, ẹ fo fọ́tò tí ẹni tó ń tà gbé síbẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ wo fọ́tò tí àwọn tó ti rà á fi ọwọ́ ara wọn yà nínú ilé wọn. Bí kò bá sí ẹyọ kan, ẹ fi í sílẹ̀.

Ti áńkárá yàtọ̀, mo sì ní ìpinnu líle lórí rẹ̀. Ìlú aṣọ ni a wà yìí. Bouaké ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ aṣọ Gonfreville sílẹ̀ ní 1921, kí ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa tó dé ibí. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 ṣe é léṣe gidigidi, ṣùgbọ́n ìmọ̀ aṣọ kò kúrò nílùú. Uniwax ṣì ń tẹ áńkárá ní Abidjan. Kí ló dé tí ẹ fi máa ra áńkárá tí ẹ kò fọwọ́ kàn láti Ṣáínà, nígbà tí ẹ lè dé ọjà kí ẹ fi àtàǹpàkò ra á wò? Bí ẹ bá sì fẹ́ ra áńkárá Vlisco lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí fóònù, ẹ ní kí ó ya ẹ̀yìn aṣọ náà àti etí rẹ̀ fún yín. Àwọ̀ ojúlówó wax máa ń hàn kedere ní iwájú àti ẹ̀yìn. Èyí tí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣí, ìwé lásán ni wọ́n kọ sí i létí.

Aṣọ ẹbí lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù. Bí ẹ bá fẹ́ ra léèsì fún ogójì èèyàn láti òkè òkun, ẹ béèrè bóyá yáàdì ni wọ́n ń wí tàbí mítà. Yáàdì márùn-ún kò pé mítà márùn-ún, mítà mẹ́rin àti díẹ̀ lé ní ìdajì ni. Kí ẹ sì ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láti inú aró kan náà. Bí ẹ bá ra ọgbọ̀n lónìí, tí ẹ tún lọ ra mẹ́wàá lóṣù tó ń bọ̀, àwọ̀ ẹlẹ́yìn kì í bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, ẹbí ìyàwó yóò sì rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ ni. Aṣọ là ń kí kí a tó kí èèyàn. Mo ti rí ibi tí àwọ̀ aṣọ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àna méjì.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òkè òkun kì í ṣe Guangzhou nìkan. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí Nàìjíríà ti tú náírà sílẹ̀, sẹ́fà tiwa, tí wọ́n so mọ́ Euro ní 655.957, ń ra ọjà púpọ̀ sí i ní Balógun, ní Ìtòkú àti ní Ìsẹ́yìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Aṣọ òkè tí wọ́n fi ọwọ́ hun àti àdìrẹ tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ, iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ ECOWAS ni wọ́n. Ètò òwò ECOWAS sì sọ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba owó bodè lórí irú wọn láàárín wa. Ẹ mọ̀ bí ojú ọ̀nà ṣe rí láti Sèmè dé Noé, n kò ní í tan yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó hun aṣọ náà gbọ́ èdè yín. Ẹ lè bá a sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ẹ lè ní kí ó nà án sínú oòrùn kí ẹ wò ó. Ẹ lè mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èjìgbò. Kí ẹ sáà bi í dáadáa bóyá àdìrẹ tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ ni, nítorí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ti kún ọjà Ìtòkú fúnra rẹ̀, àwọn aláró Abẹ́òkúta sì ti ń ké sí ìjọba nítorí rẹ̀.

Òwò yìí yóò pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wa. Ní 2025, Amẹ́ríkà pa ààyè tí ẹrù tí kò ju 800 dọ́là lọ fi ń wọlé láìsan owó bodè. Ilẹ̀ Yúróòpù náà ti pinnu láti fòpin sí irú ààyè bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń tà á lọ́hùn-ún yóò máa wá ọjà mìíràn, ojú wọn yóò sì máa wà lára wa. Jìbìtì náà lè bá a wá: bí owó yín bá bọ́ sọ́wọ́ oníjìbìtì pátápátá, tí ẹni náà pa fóònù, ẹ má fi ìtìjú bò ó mọ́ra. Ẹ tọ́jú fọ́tò ojú fóònù, nọ́ńbà tí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àti ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ bá ọlọ́pàá. Ẹ̀ka tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní PLCC, ti wà ní Côte d'Ivoire láti 2011. Kòòdù tó bá sì wọ fóònù yín, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni létí, ẹni yòówù kó pe ara rẹ̀.

Ó kù kan, fún ẹ̀yin tí kòmáǹdì yín ti wà lójú ọ̀nà báyìí. Lálẹ́ yìí, kí ẹ tó sùn, ẹ ṣí ojú òpó tí ẹ ti rà á. Bí ó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjà ti dé ọwọ́ yín, tí kò sì tíì dé ọwọ́ yín, ẹ wo ọjọ́ tí ààyè ìráhùn yóò parí, ẹ kọ ọ́ sára ògiri, kí ẹ sì fi ohùn ránṣẹ́ sí Guangzhou pé kí wọ́n tú àpò náà, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ fún yín lọ́la.